Àgbéyẹ̀wò: àwọn tí ó so iná ráàkì sítúdíò mi ní Mòkọ́lá

Iṣẹ́ tí mo gbé fún ilé-iṣẹ́ yìí kò ju pé kí wọ́n so iná ráàkì ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ mi, ìyẹn àgbékà irin tí a to àwọn ẹ̀rọ sí, kí wọ́n sì fún un ní earth tí ó dájú, wáyà tí ń gbé iná tí ó bá jo lọ sínú ilẹ̀. Ọmọkùnrin tí wọ́n rán wá to wáyà lẹ́sẹẹsẹ, iṣẹ́ rẹ̀ wu ojú. Gbohùngbohùn nìkan ni ó ń kùn bí oyin. Ó ní kí n fún òun ní àyè díẹ̀. Nígbà tí mo padà wọlé, kíkùn náà ti dá, mo sì sanwó tayọ̀tayọ̀.

Kò pẹ́ sí i ni akọrin kan, tí ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, sún ẹnu mọ́ máìkì tí iná sì ta á létè. Mo fi tẹ́sítà kan irin ráàkì, ó tàn. Mo tú púlọ́ọ̀gì ámpílífáyà: wọ́n ti gé wáyà aláwọ̀ ewé àti yẹ́lò, tí í ṣe wáyà earth, mọ́ ìdí, wọ́n sì fi téépù dúdú wé orí rẹ̀. Bákan náà ni ti mikisá, bákan náà ni gbogbo ìyókù.

Mo pe ọmọkùnrin tí ó so iná náà. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé kò kùn mọ́?” Mo ní kò kùn mọ́, àmọ́ ó ń ta ènìyàn. Ó ní bí òun ṣe ń ṣe é fún gbogbo oníbàárà nìyẹn. Orí mi gbóná! Irú ẹ̀rọ wọ̀nyí máa ń jo iná díẹ̀ sí ara irin wọn, earth ni ó sì ń gbé e lọ. Bí a bá gé e, fóltì ara irin náà lè tó ìdajì fóltì 230 ti iná ilé. Títa lásán ni ìyẹn. Bí wáyà iná bá já lu irin náà lọ́jọ́ kan, fíúsì kò ní jó, ara ẹni tí ó bá kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án ni iná yóò gbà kọjá.

Màdáàmù tí ó ni ilé-iṣẹ́ náà ni ó rọ̀ mí lọ́kàn. Kò bá mi jiyàn rárá. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má tan nǹkan kan, ẹ yọ gbogbo púlọ́ọ̀gì. Mo ń rán Bàbá bọ̀.”

Bàbá, àgbà oníṣẹ́ iná wọn, dé kí ilẹ̀ tó ṣú. Wọ́n dá gbogbo wáyà earth padà, wọ́n wá fi ọ̀bẹ ha ọ̀dà ara ráàkì títí irin fi ń dán, nítorí ọ̀dà kì í jẹ́ kí iná kọjá. Wọ́n fi wọ́ṣà eléyín sí i, wọ́n sì fa wáyà bàbà 16 mm² láti ibẹ̀ lọ sí ojú earth ilé. Ilẹ̀kùn ráàkì pàápàá ní wáyà tirẹ̀. Wọ́n fi mítà wọn bí ọ̀nà iná láti ara ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan dé earth ṣe le tó, ohm ni a fi ń ka ìyẹn. Èyí tí ó bá ti kọjá 0.1 ohm, wọn á tún ojú ibẹ̀ ha. Ti kíkùn ńkọ́? Wọ́n kó gbogbo ẹ̀rọ sí ojú iná kan ṣoṣo, wọ́n sì tú àwọ̀n tí ó wé wáyà ohùn ní orí kan péré. Ó dákẹ́ minimini, láìgé earth kankan.

Síbẹ̀, ọ́fíìsì fi owó ọkọ̀ Bàbá kún rìsíìtì mi, bí ẹni pé èmi ni mo gé wáyà, ọmọ yẹn sì ṣì ń bá wọn ṣiṣẹ́ káàkiri Ìbàdàn. Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún ni mo fún wọn. Àwọn náà ni n óò pè fún ráàkì kejì, bí ó bá ti jẹ́ Bàbá ni ó ń bọ̀.