Àpò PICS: mo tú ẹ̀wà mi lẹ́yìn oṣù mẹ́fà
Àpò PICS, tí Yunifásítì Purdue ní Amẹ́ríkà ṣe kí àwọn àgbẹ̀ lè fi tọ́jú irè oko, ni mo fi tọ́jú ẹ̀wà olóyin láti oṣù Kẹwàá títí di oṣù Kẹrin, n kò sì fi oògùn kankan sí i. Ọ̀rá méjì tó nípọn ló wà nínú àpò híhun kan; a ó fún ẹnu wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, a ó sì dì í pinpin, kí kòkòrò tó bá wà nínú ẹ̀wà má lè rí afẹ́fẹ́ mí. Nígbà tí mo tú méjì nínú àpò mẹ́ta tí mo dì, ojú ihò kò pọ̀ lára ẹ̀wà, bẹ́ẹ̀ ni n kò rí ìyẹ̀fun nísàlẹ̀ àpò.

Bí àwọn tó ń polongo àpò náà ṣe ń kọ́ni bí a ṣe ń lò ó ló wù mí jù: ojú gbogbo abúlé ni wọ́n ti ń di àpò, ojú wọn náà ni wọ́n sì ti ń tú u lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Ta ni yóò tún jiyàn?

Ṣùgbọ́n eku lè lu ú. Ọ̀kan nínú mẹ́ta tèmi jò, kòkòrò sì ba ẹ̀wà inú rẹ̀ jẹ́. Ó tún wọ́n ju àpò lásán lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a lè tún un lò bí ọ̀rá rẹ̀ kò bá ya.