Fífi Glider tàbí Hẹlikọ́pítà kún Ìwé-Ẹ̀rí CFI: Ọ̀nà FAA Dára, àmọ́ Ẹ Ṣọ́ra fún R22

Èkìtì kete! Àwọn ọmọ wa tó ń kọ́ni ní wíwa bàálù l'Amẹ́ríkà ń bèèrè bóyá ó yẹ kí wọ́n fi irú ọkọ̀ òfurufú mìíràn, bíi glider (bàálù tí kì í fi ẹ́ńjìnnì fò) tàbí hẹlikọ́pítà, kún CFI wọn, ìyẹn ìwé-ẹ̀rí olùkọ́ awakọ̀ òfurufú. Ó yẹ. FAA, àjọ tó ń ṣàkóso ìrìnnà òfurufú l'Amẹ́ríkà, kò fi nǹkan ni ẹni tó ti jẹ́ olùkọ́ lára níbí: kò ní tún FOI, ìdánwò nípa ọgbọ́n ìkọ́ni, ṣe. Ìdánwò ìwé ti ọkọ̀ tuntun náà ló máa ṣe, 70 nínú ọgọ́rùn-ún ni yóò fi yege, lẹ́yìn náà ló kan ìdánwò lójú olùdánwò. Bó bá yege níbẹ̀, ẹ̀tọ́ rẹ̀ láti máa fi CFI kọ́ni ti dọ̀tun fún oṣù 24 nìyẹn.

Kó tó débẹ̀, ó gbọ́dọ̀ ti ní ìwé Commercial (ìwé awakọ̀ tó lè gbowó iṣẹ́) fún irú ọkọ̀ náà, àti wákàtí 15 tó fi jẹ́ PIC, ìyẹn awakọ̀ àgbà, nínú rẹ̀. Glider ló rọrùn jù. Ẹni tó bá ti fò wákàtí 200 nínú bàálù, ìfò 20 nínú glider gẹ́gẹ́ bíi PIC wà lára ohun tó kù fún Commercial rẹ̀. Kí olùkọ́ sì buwọ́ lu logbook rẹ̀ (ìwé àkọsílẹ̀ ìfò) pé ó ti kọ́ nípa spin, ìyẹn kí ọkọ̀ máa pòòyì já bọ̀ wálẹ̀, nínú glider.

Hẹlikọ́pítà, bàálù agbérapàá, ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí. Commercial àti wákàtí 15 yẹn lè tó fún ìwé, kò ní fún yín níṣẹ́. Robinson R22, hẹlikọ́pítà kékeré kan, ni ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ń lò, òfin FAA tó ń jẹ́ SFAR 73 sì ní kí ẹni tó fẹ́ kọ́ni nínú rẹ̀ ní wákàtí 200 nínú hẹlikọ́pítà, kí 50 nínú rẹ̀ jẹ́ ti R22 gan-an. Wákàtí bàálù kò wọ ìṣirò yìí rárá. Òfin náà tọ́. Abẹ̀bẹ̀ R22 fúyẹ́: bí ẹ́ńjìnnì bá kú, tí awakọ̀ kò tètè tẹ collective (ọ̀pá tó ń gbé ọkọ̀ sókè sódò) wálẹ̀, eré abẹ̀bẹ̀ á rọ kíákíá, kò sì ní gbé ọkọ̀ mọ́. Ọwọ́ tí bàálù ti mọ́ lára tún máa ń fẹ́ ti ọ̀pá ìdarí síwájú. Nínú R22, ìyẹn lè mú kí abẹ̀bẹ̀ gbá òpó tó gbé e dúró, kí ó sì já lójú òfurufú. Ilé-ẹ̀kọ́ tó bá sọ pé wákàtí 50 ti tó, ẹ bi í pé ọkọ̀ wo lẹ ó fi ṣiṣẹ́.

Fọ́ọ̀mù IACRA, tí ẹ ó fi béèrè fún ìwé-ẹ̀rí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kò gba kọ́bọ̀, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti Adó tàbí Ìkẹ́rẹ́. Àmọ́ bí Ayọ̀délé bá wà lórí páálí ìdánimọ̀, ẹ má kọ Ayọ̀ síbẹ̀, torí olùdánwò á fi wọ́n wéra kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀.