Kabúrétọ̀ Ayùn Ẹlẹ́rọ Àtijọ́: Iṣẹ́ Tí Mo Gbé Lọ sí Ṣọ́ọ̀bù Kan ní Bódìjà

Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni ayùn ẹlẹ́rọ tí bàbá mi fi la pákó fún ọ̀pọ̀ ọdún, Stihl 070, dákẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Mẹkáníìkì kan tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́yìn ọjà pákó Bódìjà ní Ìbàdàn ni ó jí i padà, iṣẹ́ rẹ̀ ni mo sì fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, àtibi tó ti dára àtibi tó kù díẹ̀ káàtó. Àwọn tó ń la igi mọ irú ayùn yìí dáadáa: ó wúwo, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tó nǹkan bíi 106 cc, kì í sì í tètè bàjẹ́. Bí ó bá kọ̀ tí kò ṣíná, tí púlọ́ọ̀gì rẹ̀ sì ń ta iná, kabúrétọ̀, ẹ̀yà tó ń po epo pọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́ fún ẹ́ńjìnnì, ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Kí n tó dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá yìí, mo ti ṣe àṣìṣe kan tí ó dun àpò mi. Ẹnì kan tó ń ta ẹ̀yà ara ẹ̀rọ wo ògbólógbòó kabúrétọ̀ náà lóòókán, ó ní òun ní tuntun rẹ̀, ó sì gba ₦28,000 lọ́wọ́ mi. Ihò bóòtù méjèèjì ṣe déédéé lóòótọ́. Síbẹ̀, mo fa okùn títí apá fi ń ro mí, ẹ̀rọ náà kò dáhùn, àfi bí mo bá kán epo díẹ̀ sí i lọ́fun, nígbà náà ni yóò bú ramúramù lẹ́ẹ̀kan, tí yóò sì tún kú.

Ọ̀gá náà kò tíì tú ohunkóhun tí ó fi rí ohun tó fà á. Ó gbé kabúrétọ̀ tuntun náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àtijọ́, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo ihò kékeré yìí.” Lójú ibi tí kabúrétọ̀ ti fara kan ẹ́ńjìnnì ni ihò náà wà, kò sì ju orí ìṣáná lọ. Ibẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì ti ń mí sí kabúrétọ̀: bí písítìnì ti ń lọ tí ó ń bọ̀, afẹ́fẹ́ abẹ́ rẹ̀ ń tì, ó sì ń fà, awẹ́ rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ń bá a mì, mímì yìí ni ó sì ń fa epo wá láti inú táǹkì. Lára èyí tí mo rà, apá kejì ni wọ́n lu ihò náà sí, gásíkẹ́ẹ̀tì, awẹ́ tí wọ́n fi ń dí àlàfo láàárín irin méjì, sì ti bò ó pa.

Ohun tó mú kí n fọkàn tán ọkùnrin yìí ni pé kò fi sukudíráfà kan súkúrù kankan títí ó fi mọ orúkọ ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àti epo bẹntiróòlù gé ìdọ̀tí kúrò lára kabúrétọ̀ àtijọ́ náà, ó fi ṣọ́ọ̀kì funfun ra á lójú, ó sì nù ún, ni lẹ́tà HL bá yọ, pẹ̀lú nọ́ńbà àti lẹ́tà kan lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní Tillotson ni, iléeṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Toledo ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1914, tó sì ń ṣiṣẹ́ ní Ireland lóde òní. Nọ́ńbà yẹn ni a fi ń wá ẹ̀yà rẹ̀, kì í ṣe orúkọ ayùn, nítorí ayùn kan náà lè gbé oríṣi kabúrétọ̀ méjì tàbí mẹ́ta láti ọdún dé ọdún. Ó tún là mí lóye pé páálí tí wọ́n kọ DG sí, rọ́bà àti gásíkẹ́ẹ̀tì nìkan ni ó wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n kọ RK sí ní abẹ́rẹ́ tí ń dí epo pẹ̀lú. RK ni a rà.

Rọ́bà tí ó yọ jáde le bíi pọ̀nmọ́ gbígbẹ. Mo fi ìka tẹ̀ ẹ́, ó ń dún. Lẹ́yìn tí ó fọ gbogbo ihò tí ó sì to tuntun síbẹ̀, ó mú rọ́bà ìfúnfẹ́ẹ́fẹ́ ti ẹ̀rọ tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, ó tì í bọ ẹnu ọ̀nà epo, ó fún un títí ọwọ́ aago rẹ̀ fi dé 250, ó sì ri kabúrétọ̀ náà sínú abọ́ omi. Kò sí ìfóófòó kankan, ọwọ́ aago náà kò sì yẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n n kò rí àyẹ̀wò tó dá mi lójú tó bẹ́ẹ̀ rí ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì.

Àléébù rẹ̀ náà wà. Ọjọ́ méjì ni ó dá fún mi, ọjọ́ karùn-ún ni mo gba ẹ̀rọ mi, kò sì fún mi ní rìsíìtì títí mo fi bèèrè. Èyí tó burú jù ni pé etí nìkan ni ó fi tún súkúrù epo ṣe, láìki ayùn náà bọ inú igi. Nígbà tí mo fi la ìtì igi apá kan, ẹ̀rọ náà ń ké kíkankíkan, ohùn rẹ̀ sì gbẹ, àmì pé epo kò tó o. Bí mo bá gbójú fò ó, písítìnì ìbá ti ha. Mo gbé e padà, ó tọrọ àforíjì, ó ṣí súkúrù H, èyí tó ń díwọ̀n epo nígbà tí ẹ̀rọ bá ń sáré, díẹ̀ sí i lórí ìtì igi níwájú mi, kò sì gba kọ́bọ̀.

₦14,000 ni owó iṣẹ́ rẹ̀, yàtọ̀ sí páálí RK. Bí ẹ bá fẹ́ lọ sọ́dọ̀ rẹ̀, odindi ayùn ni kí ẹ gbé lọ, nítorí ó ní láti rí ihò ara ẹ́ńjìnnì náà. Kí ẹ sì mú epo tí ẹ ti po ọ́ìlì mọ́ dání, torí bẹntiróòlù lásán ni ó wà nínú kẹ́ẹ̀gì tirẹ̀.