Mo ti yí Corolla mi sí CNG n'Ìbàdàn, bó ṣe rí nìyí

Ẹ̀yin èèyàn mi, àwọn tó ń bi mí nípa CNG, ìyẹn gáàsì tí wọ́n ń ki sínú sílíńdà kí mọ́tò máa fi rìn dípò bẹntiróòlù, tí mo ṣe sínú mọ́tò mi ti pọ̀, ẹ jẹ́ n kúkú sọ ọ́ síbí kí gbogbo wa gbọ́ ọ pa pọ̀. Ó dáa o. Tí mo bá ra mọ́tò míì, màá tún ṣe é. Àmọ́ ọwọ́ ẹni tó máa bá yín ṣe é ni gbogbo ẹ̀ wà, torí tí wọ́n bá ṣe é jákujàku, ẹ ti náwó dànù nìyẹn, ẹ sì tún lè máa ba afẹ́fẹ́ jẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Oúnjẹ ni mo ń sè fáwọn ọ́fíìsì. Ọ̀jọ́ọ̀ ni mo ń gbé, mo máa ń já sọ́jà Bódìjà, láti ibẹ̀ mo dé Sẹkitéríàtì, nígbà míì Dùgbẹ̀ àti Mọ́kọ́lá tún wà ńbẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Látọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí Ààrẹ Tinubu ti sọ pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, epo ló ń jẹ èrè mi. Ìgbà tí mo kó àjọ ni mo gbé mọ́tò lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan ní apá Challenge, wọ́n gba owó tó lé ní mílíọ̀nù kan náírà lọ́wọ́ mi, sílíńdà àti iṣẹ́ ọwọ́ wọn wà nínú ẹ̀.

Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn ṣọ́ọ̀bù yẹn ò ju ọṣẹ lọ. Nígbà tí wọ́n so gbogbo ẹ̀ tán tí wọ́n ti fi gáàsì sí i, ọmọkùnrin tó ṣe é po ọṣẹ olómi sínú ike, ó mú búrọ́ṣì kékeré, ó wá ń fi kan gbogbo ojú ibi tí páìpù ti so mọ́ra, láti bùtù títí dé abẹ́ bọ́ńẹ́ẹ̀tì, ló bá pè mí, ó ní "Mummy, ẹ wá fojú ara yín wò ó, ibi tó bá ti ń hó, ó ń jò nìyẹn." Ibì kan hó lóòótọ́ nídìí rẹ́gúlétọ̀, ìyẹn ohun tó ń dín agbára gáàsì kù kó tó wọ ẹ́ńjìnnì, wúruwùru bí itọ́ lẹ́nu ọmọ ọwọ́. Ó tú u, ó pààrọ̀ ìdè ẹ̀, ó tún fọṣẹ kàn án, kò hó mọ́. Ẹnikẹ́ni ò sọ fún un pé kó ṣe é o.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn nìyí. Mítéènì ló pọ̀ jù nínú gáàsì yẹn. Tó bá jó dáadáa nínú ẹ́ńjìnnì, kábọ̀n dáyọ́sáìdì, ìyẹn gáàsì tó ń mú ayé gbóná, tó ń bá èéfín jáde máa ń fi nǹkan bíi 20 sí 25 nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí ti bẹntiróòlù, èéfín ẹ̀ ò sì dúdú, kì í ta mọ́ni nímú. Àmọ́ tí ò bá jó, tó kàn ń jò lọ sáfẹ́fẹ́, láàárín 20 ọdún, ooru tó máa fà sáyé ju ìlọ́po 80 ti kábọ̀n dáyọ́sáìdì lọ. Ìyẹn ni pé páìpù kan tó ń jò lè jẹ gbogbo àǹfààní yẹn tán pátápátá. Ká má tíì sọ ti iná.

Ẹ tún bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ mọ́tò yín kẹ́ ẹ rí i bóyá wọ́n fi bóòtù de irin sílíńdà mọ́ egungun mọ́tò, àbí páànù bùtù lásán ni wọ́n gún un mọ́. Báà 200 ni wọ́n ń ki gáàsì yẹn sí (báà ni wọ́n fi ń wọn bó ṣe ki mọ́lẹ̀ tó), táyà mọ́tò wa yìí ò sì ju báà 2 àti díẹ̀ lọ. Sílíńdà gáàsì ìdáná ò lè gbà á láéláé, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má gbà kí wọ́n tà á fún òun. Ẹ ó rántí mọ́tò tó bú gbàmù nílé epo kan nílùú Benin ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, sílíńdà tí wọ́n jó pọ̀ fúnra wọn tí kì í ṣe ojúlówó ni wọ́n sọ pé ó fà á.

Ti wíwà ńkọ́? Ó ń lọ geere ní títì. Tí mo bá kó kúlà oúnjẹ sẹ́yìn tí mo wá ń ti Ọjà'ba gun òkè Mápó, mo máa ń mọ̀ ọ́n lẹ́sẹ̀ pé agbára ẹ̀ dín, torí gáàsì ti gba lára àyè tí afẹ́fẹ́ máa ń gbà nínú ẹ́ńjìnnì. Bùtù náà ti lọ, orí àga ẹ̀yìn ni kúlà ń jókòó báyìí. Bẹntiróòlù ló ṣì fi ń sitáàtì, tó bá gbóná ló máa yí sí gáàsì fúnra ẹ̀, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí táńkì gbẹ o, epo yẹn ló ń mú kí pọ́ǹpù inú ẹ̀ tutù.

Ohun tó ń bí mi nínú ni títò tá a máa ń tò ká tó ra gáàsì. Ibi tí wọ́n ti ń tà á ò tó nǹkan, èyí tí mo ń lọ, tí tírélà tó ń gbé gáàsì wá ò bá tíì dé, ẹ máa dúró ni, tàbí kẹ́ ẹ padà sídìí epo. Tí oòrùn bá sì mú, sílíńdà kì í kún dáadáa torí gáàsì tó ti gbóná máa ń fẹ̀, ẹ máa rò pé wọ́n rẹ́ yín jẹ. Àárọ̀ kùtù ni kẹ́ ẹ lọ.

Mo wá rí i pé àwọn tí gáàsì ti dẹ̀ lọ́rùn ti ń wa mọ́tò káàkiri ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kò sì dáa bẹ́ẹ̀. Èmi ti ń ra ọjà ọ̀sẹ̀ kan pa pọ̀ ní Bódìjà, mo sì ti to àwọn oníbàárà mi ní ojú ọ̀nà kan náà, ẹni tó bá wà nítòsí, kẹ̀kẹ́ ológeere ni ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ fi ń gbé tiẹ̀ lọ. Aládùúgbò mi tó ń ṣiṣẹ́ ní Sẹkitéríàtì náà ti gbé mọ́tò tiẹ̀ sílẹ̀, iwájú lọ́dọ̀ mi ló ń jókòó. Tó bá sì jẹ́ Èkó ni mo ń lọ, màá wọ rélùwéè ní Moníyà.

Ẹni tó bá fẹ́ lọ ṣe é, kó jí lọ torí iṣẹ́ náà máa ń gba odindi ọjọ́, kó ní kí wọ́n fi ọdún tí wọ́n ṣe sílíńdà han òun lára irin ẹ̀, kó má sì san owó tó kù títí wọ́n á fi fọṣẹ kan gbogbo ojú ibi tí páìpù ti so, lójú ẹ̀.