Briar: Áàpù Tí Ó Sọ Ojúlùmọ̀ Di Ọ̀nà

Ó ti pẹ́ tí ó ti jẹ mí lógún bí fóònù ṣe lè fi ohun tí ó mọ̀ nípa ojúlùmọ̀ wa àti ìrìn wa wá ọ̀nà fún ọ̀rọ̀ nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò bá sí. Ìdí nìyí tí mo fi gbé Briar, áàpù ìfọ̀rọ̀ránṣẹ́, sórí fóònù Android mẹ́ta. Ọ̀fẹ́ ni, ẹ̀dà 1.0 rẹ̀ sì jáde ní ọdún 2018. Láti fóònù dé fóònù ni ọ̀rọ̀ ń gbà nínú rẹ̀, yálà nípasẹ̀ Bluetooth, Wi-Fi tàbí Tor, ìyẹn nẹ́tíwọ́ọ̀kì orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí ó ń fi ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá pamọ́.

Mo pa dátà àti Wi-Fi, Bluetooth nìkan ni mo jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́. Mo fi fóònù kìíní sí yàrá kan, mo gbé ẹ̀kẹta lọ sí ibi tí Bluetooth kò lè dé, mo sì mú ẹ̀kejì, tí ó jẹ́ ojúlùmọ̀ àwọn méjèèjì, rìn lọ láàárín wọn. Ọ̀rọ̀ tí mo kọ sí àwùjọ tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ wà bọ́ sórí ẹ̀kejì, nígbà tí mo sì dé ẹ̀gbẹ́ ẹ̀kẹta, ó bọ́ sórí ìyẹn náà láìjẹ́ pé mo fọwọ́ kan ohunkóhun. Inú mi dùn gidigidi.

Ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Bí a ṣe ṣètò Briar, ojúlùmọ̀ kan kì í bá ẹlòmíràn gbé ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ojoojúmọ́ ni ó ń rí ẹni tí a kọ ọ́ sí. Níbí ni mo ti rántí PRoPHET, ìlànà kan fún yíyan ẹni tí yóò bá ni gbé ọ̀rọ̀, tí a tẹ̀ jáde gẹ́gẹ́ bí RFC 6693 (ọ̀kan lára àwọn ìwé nípa ìlànà íńtánẹ́ẹ̀tì) ní ọdún 2012. Bí fóònù méjì bá ń pàdé léraléra, ìlànà yìí a máa gbé ìrètí pé ọ̀kan lè jíṣẹ́ fún èkejì ga sí i. Bí wọn kò bá sì ríra mọ́, ìrètí náà a máa dín kù díẹ̀díẹ̀. Fóònù tí ìrètí rẹ̀ bá ga jù ni a ń gbé ọ̀rọ̀ lé lọ́wọ́.

Mo mọ̀ pé àkọsílẹ̀ ẹni tí ó pàdé ẹni lè di ewu ńlá bí ó bá bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá, ààbò sì ni Briar fi ṣáájú. Síbẹ̀, èmi ì bá fẹ́ kí wọ́n fún wa láǹfààní láti yan ojúlùmọ̀ méjì tàbí mẹ́ta péré tí fóònù wa yóò máa fi irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ hàn.

Kò sí Briar fún iPhone.