Ṣé Gbogbo Rẹ̀ Nìyí? Ìfiwéra Bond, Star Trek, Star Wars, Doctor Who àti Ṣaworoidẹ fún Ẹni Tó Fẹ́ Rà

Lóṣù tó kọjá, mo ra páálí fíìmù James Bond kan lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń ta ọjà tòkunbọ̀ ní Dùgbẹ̀. Ara páálí náà kọ ọ́ gàdàgbà pé gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀. A ná an títí, ó gbà, èmi náà gbà, mo fi há abíyá, ó di ilé. Ti Daniel Craig gan-an ni mo ń wá, torí òun nìkan ni Bond tí ìyàwó mi mọ̀. Mo tú gbogbo ẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì: 20 ni. Kò sí Craig kan ṣoṣo níbẹ̀. Ìgbà tí mo yí ìdí páálí sókè ni mo tó rí ọdún tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde, 2003. Páálí ò purọ́. Lọ́dún náà, 20 ni gbogbo rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ kówó lé fíìmù tó ti ń bọ̀ láti ayé àwọn bàbá wa, tí apá kan ń bí apá mìíràn, ẹ má bèèrè iye síídì tó wà nínú páálí. Ẹ bèèrè ohun tí "gbogbo rẹ̀" jẹ́, kẹ́ ẹ sì bi ara yín bóyá ẹ tiẹ̀ nílò gbogbo ẹ̀. Máàrún ni mo fẹ́ gbé kalẹ̀ síbí, ìdáhùn wọn ò sì jọra.

Bond àti Star Trek: ẹ lè bù ú níbi tó bá wù yín

Dr. No ni Bond àkọ́kọ́, ọdún 1962. No Time to Die tó jáde ní 2021 ni ìkẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Sean Connery ṣe 6 nínú wọn, George Lazenby ṣe ẹyọ kan ní 1969, Roger Moore ṣe 7, Timothy Dalton 2, Pierce Brosnan 4, Craig 5. Tẹ́ ẹ bá ro ó pọ̀, 25 ni. Síbẹ̀, ẹ máa rí òmíràn lọ́jà tí kò sí nínú páálí kankan: Never Say Never Again, 1983. Connery náà ló tún padà wá ṣe é, àmọ́ àwọn mìíràn ló gbé e jáde, kì í ṣe àwọn tó ń ṣe ìyókù. Ọdún yẹn kan náà ni Moore ṣe Octopussy. Bond méjì lọ́dún kan, àfi bí ìlú tó ní ọba méjì.

Nígbà tí à ń dàgbà, tí ẹ̀gbọ́n mi ń mú mi lọ yá kásẹ́ẹ̀tì ní kílọ́ọ̀bù fídíò ní Mọ́kọ́lá, Moore ni Bond. Kò sẹ́ni tó bèèrè èyí tó ṣáájú. Akítọ̀ kì í kú, bọ́ọ̀sì ló máa kú, ó tán. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kẹ́ ẹ má ra páálí ńlá. Ẹ ṣà á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan níbi tí wọ́n da tòkunbọ̀ sí, ó máa dínwó gan-an. Ti Craig nìkan ni mo yọ sílẹ̀: láti Casino Royale ti 2006 dé ti 2021, ìtàn kan ṣoṣo ni máàrún, èyí tẹ́ ẹ bá fò á máa dà yín láàmú níwájú. (Mi ò ní sọ bó ṣe parí. Àbúrò mi tó ti gbà látilẹ̀ pé akítọ̀ kì í kú ò bá mi sọ̀rọ̀ dalẹ́ ọjọ́ tá a wò ó.)

Star Trek, eré tẹlifíṣọ̀n àwọn tó ń fi ọkọ̀ rìn láàárín ìràwọ̀, jọ Bond lọ́nà yìí, ó tiẹ̀ tún sàn fún ilé wa lọ́hùn-ún tí iná kì í dúró. Ti àkọ́kọ́, 1966 sí 1969, ìpín 79 ni, kò sí èyí tó tó wákàtí kan nínú wọn. Bí wọ́n bá múná wá lálẹ́ tí wọ́n sì mú un lọ lẹ́yìn wákàtí kan, ẹ ti rí ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin ìtàn kan. Lẹ́yìn náà ni The Next Generation, 1987 sí 1994, ìpín 178 ní sáà 7. Èyí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ohun tí mo kọ síbí, mo sì ń sọ fún yín pé sáà kìíní rẹ̀ ò dùn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìkẹta. Deep Space Nine tẹ̀ lé e, 176, lẹ́yìn ìyẹn Voyager, 172. Ẹ ṣọ́ra fún Deep Space Nine: nígbà tó yá, ogun wọ inú ìtàn náà, ìpín kan wá ń fa èkejì lọ́wọ́, kò ṣeé bù mọ́.

Ẹ gbọ́ ohun kan tí kò ní jẹ́ kí wọ́n rẹ́ yín jẹ. Àwọn tó ni Next Generation padà lọ sídìí fíìmù àtijọ́ tí wọ́n fi yà á, wọ́n tún gbogbo ẹ̀ ṣe, wọ́n sì gbé e jáde ní Blu-ray. Ó mọ́ bí omi àmù. Wọn ò ṣe bẹ́ẹ̀ fún Deep Space Nine àti Voyager. DVD nìkan ni wọ́n ní. Ẹni tó bá gbé Blu-ray Voyager síwájú yín, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀, ayédèrú ni.

Star Wars: mẹ́ta ló tó, àmọ́ mẹ́ta wo?

Èyí, fíìmù ogun láàárín ìràwọ̀, ló máa ń da àwọn èèyàn láàmú jù. Fíìmù tó kọ́kọ́ jáde ní 1977, nọ́ńbà 4 ni wọ́n kọ sí i lára. Mo ti rí ẹni tó gbé e padà fún onísíídì pé, "Ẹ ò kó o pé fún mi, apá kìíní dà?" Onísíídì náà ò mọ̀, ó fẹ́ẹ̀ dá owó padà. 4, 5 àti 6 ló kọ́kọ́ jáde, ní 1977, 1980 àti 1983. 1, 2 àti 3 ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ní 1999, 2002 àti 2005, wọ́n wá ń sọ ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú. Disney ra ilé iṣẹ́ náà lọ́wọ́ George Lucas tó dá a sílẹ̀ ní 2012, wọ́n sì fi 7, 8 àti 9 kún un láàárín 2015 sí 2019.

Ẹ má tẹ̀ lé nọ́ńbà. Ẹ tẹ̀ lé ọdún. Ọ̀rọ̀ kan wà tí wọ́n sọ nínú ti 1980 tó mì gbogbo ayé nígbà náà. Ẹni tó bá ti wo 1, 2 àti 3 ti mọ̀ ọ́n kó tó débẹ̀, bí ẹni tí wọ́n sọ ìdáhùn àlọ́ fún kí wọ́n tó pa á. Mẹ́ta àkọ́kọ́ yẹn dá dúró, wọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n ní òpin. Bí owó bá há, ẹ dúró síbẹ̀. Ìkeje dùn mọ́ mi. Ìkẹsàn-án ò dùn.

Wàhálà tó kù ni pé Lucas ò fi mẹ́ta yẹn sílẹ̀ bó ṣe ṣe é. Ní 1997, ó tún un ṣe, ó fi ohun tí kò sí níbẹ̀ kún un. Ẹ wo ibi kan: Han Solo, ọ̀kan nínú àwọn akítọ̀ rẹ̀, jókòó nílé ọtí, ẹni tó wá gbowó lórí rẹ̀ na ìbọn sí i lójú kòrókòró. Lọ́dún 1977, Han rọra fa ìbọn yọ lábẹ́ tábìlì, ó yìn ín, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ní 1997, wọ́n jẹ́ kí ẹni yẹn kọ́kọ́ yìnbọn, kó sì tàsé, bẹ́ẹ̀ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ lè fọwọ́ kàn án. Wọ́n fẹ́ sọ ọmọ ìta di ọmọlúàbí. Mi ò fara mọ́ ọn. Páálí DVD ti 2004 àti èyí tó dé lẹ́yìn rẹ̀, èyí tí wọ́n tún ṣe yìí ló wà nínú wọn. Èyí tó bá fi ti àtijọ́ síbẹ̀, DVD tó jáde lọ́dún 2006 ni: síídì méjì nínú àpò kọ̀ọ̀kan, ti àtijọ́ sì ni èkejì. Bẹ́ ẹ bá rí i láàárín òkìtì tòkunbọ̀, ẹ má pariwo, ẹ rọra sanwó.

Doctor Who: gbogbo rẹ̀ ò sí níbì kankan

Àwọn òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ eré tẹlifíṣọ̀n yìí, ti Dókítà kan tó ń rìnrìn àjò láti ìgbà kan sí ìgbà mìíràn, ní 1963, wọ́n ṣe é dé 1989, wọ́n tún jí i padà ní 2005. Ohun tó mú un pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ máa yé Yorùbá kíákíá. Nígbà tó rẹ William Hartnell tó ń ṣe Dókítà, wọn ò pa Dókítà, wọn ò sì wá ẹni tó jọ ọ́. Wọ́n ní ó yí padà, ó gba ara mìíràn wọ̀, Patrick Troughton sì bọ́ sípò ní 1966. Bábátúndé ni, ó kàn jẹ́ pé bàbá ò tíì kú tán tó fi dé.

Ṣùgbọ́n BBC pa púpọ̀ nínú ti àtijọ́ rẹ́, wọ́n fi kásẹ́ẹ̀tì náà gba nǹkan mìíràn sílẹ̀. Títí dòní, ìpín tó lé ní 90 ló ti nù. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kàn wá nìyí: BBC ti ta ẹ̀dà fíìmù náà fáwọn ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n lókè òkun, Nàìjíríà wà lára wọn. Ní 2013 ni wọ́n kéde pé ìlú Jos ni wọ́n ti rí ìpín 9 lára àwọn tó nù. Inú ìtàn méjì, The Enemy of the World àti The Web of Fear, ni wọ́n wà. Ohun tí Lọ́ńdọ̀nù jù nù, àwa la fi pamọ́ láìmọ̀.

Fún ẹni tó fẹ́ rà á: The Enemy of the World ti pé báyìí. The Web of Fear ku ìpín kẹta, kò sì sí ọ̀nà tí ọlọ́jà kankan fi lè tà á fún yín. Ohùn gbogbo ìpín tó nù ṣì wà, torí àwọn èèyàn gbà á sílẹ̀ nílé nígbà náà, wọ́n sì ti ya àwòrán alárìnká sí ohùn àwọn kan. Bẹ́ ẹ bá rí ẹni tí wọ́n yà nínú síídì yín, kì í ṣe pé wọ́n lù yín ní jìbìtì. Ẹni tó fẹ́ kó o jọ ní pípé ò gbọ́dọ̀ sún mọ́ Doctor Who rárá. Ẹni tó kàn fẹ́ gbádùn, kó lọ ra ti 2005.

Ó máa ń dùn mí tí mo bá gba Agodi kọjá. WNTV, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní 1959, wọ́n sì ń fi yangàn pé àwọn ni àkọ́kọ́ ní Áfíríkà. Village Headmaster tí gbogbo Nàìjíríà wò láti 1968 dé 1988, mi ò tíì fojú kan páálí rẹ̀ lọ́jà rí. Ẹni tó bá rí i kó pè mí, ìgbàkígbà.

Ṣaworoidẹ: méjì, ẹ kó o pọ̀

Ẹ lè ní méjì ò tó ohun tí à ń fi wé Bond. Mo gbà. Àmọ́ òun ló sábà máa ń wà nílé wa, òun náà la sì máa ń rà láìpé jù. Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ ọ́, Túndé Kèlání darí rẹ̀: Ṣaworoidẹ ní 1999, Agogo Èèwọ̀ ní 2002. Ibi tí ọ̀rọ̀ ìlú Jogbo dé nínú àkọ́kọ́ ni èkejì ti gbà á. Ẹni tó bá kọ́kọ́ wo Agogo Èèwọ̀ ò ní mọ ìdí tí ìlù fi ń dẹ́rù ba àwọn ìjòyè. Ẹ wo Adébọ̀sípò, ọba inú èkejì, dáadáa: Dejumo Lewis ni, ẹni tó ṣe kábíyèsí nínú Village Headmaster náà. Adé ò kúrò lórí ẹ̀.

VCD ni púpọ̀ nínú èyí tó wà níta, VCD kan ò sì gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 74 lọ. Síídì méjì ni fíìmù kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ jẹ́. Bí ẹ bá rí ẹyọ kan nínú àpò, ìtàn máa já láàárín. Ti Olúwa Ni Ilẹ̀, 1993, tiẹ̀ ní apá mẹ́ta. Ẹ kà á kẹ́ ẹ tó sanwó.

Ní ìdí káńtà

Ẹ yí síídì sẹ́yìn sínú oòrùn. Èyí tí ilé iṣẹ́ tẹ̀ máa ń dán bíi fàdákà. Èyí tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà jó máa ń ní àwọ̀ àlùkò tàbí búlúù. DVD ní nọ́ńbà nínú àwòrán ayé kékeré kan lẹ́yìn àpò: 1 ni ti Amẹ́ríkà, 2 ni ti Gẹ̀ẹ́sì, 5 ni tiwa. Tí ẹ̀rọ yín kì í bá ń ṣe èyí tó ń ka nọ́ńbà gbogbo, 1 ò ní ṣí. Blu-ray dẹrùn: B ni àwa àti Yúróòpù jọ ń lò, nítorí náà ti Lọ́ńdọ̀nù máa ṣiṣẹ́ níbí.

Bí ẹni tó ń tà á bá ní ẹ̀rọ, ẹ ní kó fi í síi, kó sì fò lọ sí òpin fíìmù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Síídì máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í kà láti àárín lọ sí etí, etí yẹn sì ni ọwọ́ àwọn èèyàn máa ń kàn. Ìbẹ̀rẹ̀ lè mọ́ kedere, kó wá gan níbi tí ọ̀rọ̀ ti dùn.

Mo padà lọ bá ọkùnrin Dùgbẹ̀ yẹn lọ́sẹ̀ tó kọjá. Kò bá mi jà, èmi náà ò bá a jà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo ti rí Craig yẹn fún yín, mẹ́rin." Mo yí ọ̀kọ̀ọ̀kan sẹ́yìn sínú oòrùn, fàdákà ni gbogbo wọn. Mo sanwó mẹ́rin, mo ní kó máa wá ìkarùn-ún lọ.