Trinidad sí Tobago: Ṣé Bàálù ni Kí Ẹ Wọ̀ àbí Ọkọ̀ Ojú Omi?

Láti pápákọ̀ òfurufú Piarco ní Trinidad dé ti ANR Robinson ní Tobago, kìlómítà 83 ni lójú òfurufú. Bàálù ATR 72 tí Caribbean Airlines ń lò lójú ọ̀nà yìí lè sá tó kìlómítà 500 ní wákàtí kan, ẹni tó bá sì ṣírò ó á ní ìṣẹ́jú 10 ti tó. Nǹkan bí ìṣẹ́jú 25 ni ilé iṣẹ́ bàálù náà ń kọ sí ìwé àkókò wọn. Wọn kò purọ́: bàálù á kọ́kọ́ rìn nílẹ̀, kò tíì gòkè tán tó ti ń sọ̀ kalẹ̀, níbo ló ti fẹ́ ráyè sáré?

Ẹ má fi ìṣẹ́jú 25 yẹn nìkan díwọ̀n ìrìn àjò yín. Piarco jìnnà sí àárín Port of Spain, olú ìlú wọn, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ sì ń wà níbẹ̀, pàápàá nírọ̀lẹ́ ọjọ́ iṣẹ́ tí gbogbo èèyàn ń darí sílé lọ́nà ìlà oòrùn. Ẹ fi wákàtí kan fún àyẹ̀wò ẹrù kún un. Wákàtí méjì ààbọ̀ ló máa ń jẹ́ lápapọ̀.

Èbúté ọkọ̀ ojú omi ní tirẹ̀ wà láàárín ìlú gan-an. Wákàtí 3 sí 4 ni ẹ máa lò lójú omi, torí ìwọ̀ oòrùn ni Port of Spain kọjú sí: ọkọ̀ á kọ́kọ́ jáde gba Bocas, ìyẹn àwọn ọ̀nà omi tóóró ní ìkángun àríwá ìwọ̀ oòrùn Trinidad, kó tó ṣẹ́rí padà sí ìlà oòrùn. Lẹ́yìn Bocas ni ìgbì ti ń bẹ̀rẹ̀, èébì náà sì ń tẹ̀ lé e. Àlọ ló le jù, torí ìlà oòrùn ni afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ kojú ọkọ̀. Lábọ̀, ẹ̀yìn ló ń ti ọkọ̀. Ẹ jókòó sí àárín, nísàlẹ̀, ẹ sì lo oògùn èébì kí ọkọ̀ tó ṣí. Bó bá ti ń gbé yín kí ẹ tó lò ó, ó ti pẹ́ jù.

Ìjọba ń bá èrò san lára owó méjèèjì, síbẹ̀ ọkọ̀ ojú omi rọjú jù. Ó tún ń gbé mọ́tò. Ìdílé ẹlẹ́ni márùn-ún tó ní mọ́tò tirẹ̀, ọkọ̀ ojú omi ni kó wọ̀, ká má parọ́. (Ẹ̀yin tó ń bọ̀ láti Nàìjíríà tí ẹ fẹ́ yá mọ́tò níbẹ̀, apá òsì títì ni wọ́n ń gbà.)

Ibi tí ẹ máa sùn náà ṣe pàtàkì. Bó bá jẹ́ Crown Point tàbí Store Bay, ẹsẹ̀ lásán lè gbé yín dé ibẹ̀ láti pápákọ̀ òfurufú. Bó bá jẹ́ Scarborough tàbí Charlotteville, Scarborough ni ọkọ̀ ojú omi ń gúnlẹ̀ sí.

Nígbà Àjíǹde, tí wọ́n ń fi ewúrẹ́ sáré ní Buccoo, abúlé kan ní Tobago, ìjókòó inú bàálù àti ti ọkọ̀ ojú omi máa ń tán. Ẹ tètè rà á. Bí bàálù ilẹ̀ òkèèrè bá sì ni ẹ máa bọ́ sílẹ̀ nínú rẹ̀ ní Piarco, ẹ fi wákàtí 3 sílẹ̀ fún ìwé ìrìnnà àti ẹrù kí bàálù Tobago tó gbéra, ẹ ra ti òkèèrè àti ti Tobago pọ̀ sórí tíkẹ́ẹ̀tì kan bó bá ṣeé ṣe, torí bí wọ́n bá yàtọ̀ tí ẹ sì pẹ́, ẹ lè san owó kejì.